Ọ̀tún Wẹ Òsì: Iṣẹ́ Ilé Nígbà tí Làkúrègbé bá Mú Ọwọ́

Ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀, Jobele, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó so egungun mọ́ egungun, tó sì fi oríkèé sí àárín wọn kí ọwọ́ lè ká, kí ó sì lè nà. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ ni, òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kí ó máa bá àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó tẹ̀lé wọn lọ́nà rere títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo ń sọ ọ́ fún yín àti fún ẹ̀mí ara mi pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kì í ṣe ohun tí a ń gbé wá sí mọ́sálásí ní ọjọ́ Jímọ̀, tí a ó sì fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí a bá ń wọ bàtà padà sílé. Inú ilé ni a ti ń mọ ẹni tó ní in: ní ìdí ààrò, ní etí kànga, níbi tí a ti ń fọ aṣọ. Nítorí náà ni ìwàásù wa lónìí fi dá lórí iṣẹ́ ilé, àti lórí ẹni tí àìsàn oríkèé ara ń bá jà, tí iṣẹ́ náà sì ń dúró dè é lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin olùgbàgbọ́ òdodo, gbogbo wa ni a mọ làkúrègbé, ṣùgbọ́n orúkọ kan yìí ni a fi ń pe oríṣiríṣi àìsàn. Èyí tó ń bá ogbó rìn wà, tí orúnkún a máa ro arúgbó lẹ́yìn tó ti fi rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òmíràn wà tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis, òun ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Ọlọ́hun fi ọmọ ogun sínú ara olúkúlùkù wa láti máa bá kòkòrò àrùn jà. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun náà a ṣi ọ̀tá mọ̀. Wọn a dojú ìjà kọ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú oríkèé. Oríkèé náà a wú, a gbóná, a sì máa ro ni. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba egungun jẹ́, kí àwọn ìka sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn oríkèé kéékèèké ti ọwọ́, ọrùn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mú, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ a le bí igi. Ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rọ̀. Àárẹ̀ tún wà pẹ̀lú rẹ̀, irú èyí tí oorun òru kì í mú kúrò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, mílíọ̀nù 18 ènìyàn ni ó ń gbé pẹ̀lú àìsàn yìí ní gbogbo ayé, àti pé nínú ẹni mẹ́wàá tó ní in, nǹkan bí méje jẹ́ obìnrin. Ìgbà kan wà tí a rò pé kò sí irú rẹ̀ púpọ̀ nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1968, Dókítà Brian Greenwood, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn The Lancet pé àwọn àìsàn tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláìsàn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Adelowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn jáde lórí 200 ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ wá sí ilé ìtọ́jú oríkèé wọn pẹ̀lú àìsàn yìí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ó lè wà nínú ilé tèmi, ó sì lè wà nínú ilé tìrẹ.

Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé bẹ́ẹ̀? Ìyá ilé jí ní àsùbáà, ìka rẹ̀ kò ká, kò lè di ọwọ́ búùtà mú láti ṣe àlùwàlá. Síbẹ̀, omi wà láti fà, ilẹ̀ wà láti gbá, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà láti pò kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ọwọ́ ti rọ̀ díẹ̀, ó ti dìde, ó sì ń rìn. Àwọn ará ilé rí i, wọ́n ní: “Ṣé ẹni tó ní ara ń ro òun láàárọ̀ nìyí? Ọ̀lẹ ni.” Ẹlòmíràn ní ayé ló ń ṣe é. Ọkọ mìíràn a tilẹ̀ máa dẹ́rù bà á pé òun yóò fẹ́ ẹni tó lè gún iyán. Ẹ̀yin ará mi, nínú Suratul Hujuraat, ẹsẹ 12, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa kí á máa fi àbá burúkú kan ènìyàn. Ìwà àìsàn yìí gan-an ni pé kí ó le ní òwúrọ̀, kí ó sì dẹwọ́ ní ọ̀sán. Kí ó dá ni wó lónìí, kí ó sì fi ni sílẹ̀ lọ́la. Ẹni tó bá pè é ní ọ̀lẹ ti fi àbá burúkú kan aláìsàn, ó sì ti bọ́ sínú ohun tí Ọlọ́hun kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé kan tó dára ju gbogbo ilé wa lọ. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé ọlọ ọwọ́ ni Fátímà, ọmọ Ànábì, fi ń lọ ọkà, títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń dùn ún. Ó gbọ́ pé wọ́n kó àwọn ẹrú wá fún bàbá òun, ó sì lọ láti tọrọ ẹni tí yóò máa ran òun lọ́wọ́. Kò bá a nílé. Àìṣá ni ó jẹ́ iṣẹ́ náà fún. Nígbà tí Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó dìde lọ sí ilé wọn ní alẹ́, ó jókòó tì wọ́n, ó sì kọ́ wọn ní ìrántí Ọlọ́hun tí wọn yóò máa ṣe bí wọ́n bá fẹ́ sùn: Subhānallāh ní ìgbà 33, Alhamdulillāh ní ìgbà 33, Allāhu Akbar ní ìgbà 34.

Àwọn ọkùnrin kan máa ń fi ìtàn yìí pa obìnrin lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní: “Fátímà bẹ̀bẹ̀ fún olùrànlọ́wọ́, ìrántí Ọlọ́hun ni wọ́n fún un; ìwọ náà lọ máa rántí Ọlọ́hun.” Wọn kò wo ìtàn náà délẹ̀. Àkọ́kọ́, Ànábì kò bú u, kò sì pè é ní ọ̀lẹ. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá a nítorí ìrora ọwọ́ rẹ̀. Èkejì, nínú ẹ̀gbàwá Imam Ahmad, a gbọ́ ìdí tí kò fi fún un ní ẹrú: àwọn aláìní tó ń gbé nínú mọ́sálásí wà tí ebi ń pa, kò sì ní lè fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, nínú ẹ̀gbàwá yẹn kan náà, Álì ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tó ní òun ti fa omi títí àyà fi ń dun òun. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: Fátímà ń lọ ọkà, Álì ń fa omi. Iṣẹ́ ilé wọn kò wà ní ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ọkùnrin tí kò fa omi rí, ẹ̀tọ́ wo ni ó ní láti fi Fátímà ṣe àpẹẹrẹ fún ìyàwó rẹ̀?

Bákan náà, wọ́n bi Àìṣá (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé. Ó dáhùn pé iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó máa ń bá wọn ṣe, bí àkókò ìrun bá sì tó, a jáde lọ kírun. Bukhari ni ó gbà á wá. Ipò rẹ̀ kò dín kù nítorí èyí. Bí ọkọ bá gbá ilẹ̀ ní Jobele, ní Fìdítì tàbí ní Ìlọrà, kí aládùúgbò má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Sunna ni ó ń ṣe.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, Ànábì fi àwọn olùgbàgbọ́ òdodo wé ara kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé bí ẹ̀yà kan bá ń ro, gbogbo ara yòókù a bá a ṣàìsùn, a sì bá a gba ibà. Ẹ fi èyí wé àìsàn tí à ń sọ. Nínú rẹ̀, ara dojú ìjà kọ oríkèé ara rẹ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ilé tó bá ń bú aláìsàn inú rẹ̀, tó ń di ẹrù rù ú, tó sì ń fẹ̀sùn kàn án, ilé náà ti ní làkúrègbé tirẹ̀. Àwọn baba wa ní ọ̀tún ni ó ń wẹ òsì, òsì ni ó ń wẹ ọ̀tún, kí ọwọ́ méjèèjì tó mọ́. Nígbà tí ọ̀tún àti òsì ìyá ilé bá ń ro pọ̀, ọkọ àti ọmọ ni kí ó di ọwọ́ fún un.

Báwo ni a ó ṣe pín in? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ọkùnrin àti àwọn ọmọ tó ti dàgbà gba iṣẹ́ tó wúwo àti èyí tó ń fẹ́ kí a di nǹkan mú ṣinṣin: omi fífà, iyán gígún, àmàlà ríro, aṣọ fífún, ìkòkò gbígbé. Kí ọmọkùnrin má rò pé ti arábìnrin òun nìkan ni. Kí á má sì fi iṣẹ́ kankan sí àárọ̀ kùtùkùtù fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì rọ̀. Ní oṣù Ààwẹ̀, kí ẹlòmíràn dìde se sààrì. Ní ọjọ́ Iléyá, kí á má ṣe da gbogbo ẹran sí iwájú rẹ̀ kí ó máa gé e.

Ìwọ tí o ní àìsàn náà, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, ara rẹ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ. Fi ọwọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láàárọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Má fi ìka nìkan gbé ìkòkò. Fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì àti apá gbé e, tàbí kí o fà á lórí tábìlì. Korobá ìlàjì lẹ́ẹ̀mejì sàn ju ẹ̀kún korobá lẹ́ẹ̀kan. Wá ìgbálẹ̀ tó ní igi gígùn kí o má baà máa bẹ̀rẹ̀. Di aṣọ mọ́ ìdí ọ̀bẹ àti orógùn kí ó nípọn, kí ọwọ́ má baà há jù. Jókòó sórí àga bí o bá ń gé ẹ̀fọ́. Gbé ata lọ sí ẹ̀rọ, kí o fi ọlọ sílẹ̀. Aṣọ tí kò sí ẹni tí yóò bá ọ fún un, sá a bẹ́ẹ̀ kí omi rẹ̀ máa kán. Pín iṣẹ́ sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí o sì sinmi kí ó tó rẹ̀ ọ́. Bí oríkèé bá wú, fún un ní ìsinmi. Bí ó bá rọ̀, máa nà án, má jẹ́ kí ó dì.

Wíwá ìwòsàn náà jẹ́ ìjọsìn. Usama ọmọ Shariik gbà á wá pé àwọn ará oko bi Ànábì bóyá kí àwọn tọ́jú ara, ó sì ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí Ọlọ́hun kò fi àìsàn kan sílẹ̀ láìsí ìwòsàn rẹ̀, àyàfi ogbó. Oríkèé tó bá wú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí dókítà ibẹ̀ lè kọ ìwé sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn. Oògùn wà tó ń dẹ́kun ìjà inú oríkèé, bí a bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lè gba ọwọ́ là. Oògùn apara-ríro nìkan kì í dẹ́kun rẹ̀, àlòjù rẹ̀ sì lè pa inú àti kíndìnrín lára. Èyí tí ń jẹ́ methotrexate, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń lò ó fún àìsàn yìí, kì í ṣe lójoojúmọ́. Aboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ ṣọ́ra fún àgbo tàbí ìyẹ̀fun tí a kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ọlọ́hun kò sì fi ìnira sínú ẹ̀sìn. Ẹni tí kò lè dúró kírun, kí ó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì kọ́ Imraan ọmọ Husayn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára fún àlùwàlá, ọmọ sì lè bá ìyá rẹ̀ da omi sí i lọ́wọ́. Ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kí ó gba ààwẹ̀, àyè wà fún un nínú Suratul Bakọra.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Oníkẹ̀ẹ́.

Ìwàásù kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ikẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad. Ẹ̀yin ará mi, tí a bá tú ká níbí, kí olúkúlùkù ọkọ bi ìyàwó rẹ̀, kí olúkúlùkù ọmọ bi ìyá rẹ̀ pé: “Ibo ni ó ń dùn yín? Iṣẹ́ wo ni kí n gbà lọ́wọ́ yín?” Kí ó sì gbà á lónìí. Láádá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ìwọ Ọlọ́hun wa, Ìwọ tí O wo Ànábì Ayyub sàn lẹ́yìn ìpọ́njú, wo gbogbo aláìsàn wa sàn. Rọ oríkèé àwọn ìyá wa, fi ìrora wọn pa ẹ̀ṣẹ̀ wọn rẹ́. Rọ ọkàn àwa ọkùnrin sí àwọn ará ilé wa. Ṣe àlùbáríkà fún Jobele, Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́ àti gbogbo ìlú Afijio. Fún wa ní rere ayé àti rere ọ̀run. Àmín.

Ẹ dìde, ẹ to ẹsẹ̀ yín gún, kí á kírun.