Omi, Koríko àti Iná: Ohun Tí Kì Í Ṣe Ti Ẹnì Kan

 

Àwọn kan ní kí olówò máa ni ohun gbogbo. Àwọn mìíràn ní kí ìjọba máa ni ín. Kapitalísíìmù ni orúkọ ti àkọ́kọ́, sọ́ṣálísíìmù ni èkejì. Ó yẹ kí Mùsùlùmí wo ohun tí ọwọ́ méjèèjì ti ṣe sí ilẹ̀ àti omi kí ó tó gbè sẹ́yìn èyíkéyìí.

Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni ìjọba Soviet ti ń darí omi odò Amu Darya àti Syr Darya sí oko òwú ní ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí Uzbekistan àti àgbègbè rẹ̀. Àwọn odò yìí ló ń bọ́ òkun Aral. Nígbà tí yóò fi di 2007, òkun náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bí ó ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Moynaq, tó jẹ́ ìlú apẹja tẹ́lẹ̀, àwọn ọkọ̀ ojú omi jókòó sínú iyanrìn, ẹ̀fúùfù sì ń gbé eruku iyọ̀ wọ ilé. Kò sí olówò kankan níbẹ̀ tí a lè dá lẹ́bi.

Nàìjíríà ńkọ́? Ní 2011, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ilẹ̀ Ògóni. Ní Nisisioken Ogale, àwọn ènìyàn ń mu omi kànga tí kẹ́míkà benzene inú rẹ̀ fi ìlọ́po tó lé ní 900 ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí lọ. Èrè ni àwọn ilé-iṣẹ́ epo bá lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin epo rọ̀bì ti 1969 ló fi epo náà sí ìkáwọ́ ìjọba. Ọwọ́ méjèèjì ló wà nínú àwo yìí.

Ìsìláàmù kò lòdì sí ohun ìní. Bí kò bá sí olóhun-ìní, ta ni yóò yọ zaka? Síbẹ̀, hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá fi yé ni pé alájọpín ni àwọn Mùsùlùmí nínú omi, koríko àti iná. Abyad ọmọ Hammal tọrọ ibi iyọ̀ ní Ma'rib, Ànábì sì fún un. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé pé bí omi tí kì í gbẹ ni iyọ̀ náà rí, ó gbà á padà. Ibn Qudama, tó kú ní ọdún 620 Híjírà, ka epo inú ilẹ̀ tó hàn síta mọ́ irú ohun bẹ́ẹ̀: kò gbọdọ̀ di ti ẹnì kan, nítorí ìnira tí yóò kó bá àwọn yòókù.

Ṣé kí a wá fi í sọ́wọ́ ìjọba, kí a sì máa sùn? Rárá o. Umar fi pápá kan pamọ́ fún ẹran ìjọba, ó sì fi Hunayy ṣọ́ ọ. Ó ní kí ó jẹ́ kí ẹni tó ní ràkúnmí àti àgùntàn díẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún ẹran Ibn Awf àti Ibn Affan, nítorí pé bí ẹran tiwọn bá kú, wọ́n ní oko àti dàbínù tí wọn yóò padà sí. Tálákà tí ẹran rẹ̀ bá kú yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá Umar, omi àti koríko sì rọ Umar lọ́rùn láti fún un ju wúrà àti fàdákà lọ.