Àìsàn Inú Orí Kì í Ṣe Ẹ̀bi Aláìsàn

Kókó jẹjẹrẹ inú ọpọlọ máa ń fa ìbéèrè tí àìsàn ẹsẹ̀ tàbí ti inú kì í fà tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú orí ló wà. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, orí òde tí à ń fojú rí dúró fún orí inú, èyí tí ẹ̀dá yàn lọ́run kó tó wáyé. Bí orí bá wá ń fọ́ ọmọlúàbí kan ní àràárọ̀, tó ń bì, tí wárápá tí kò ṣe é rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, ohun tí ará ilé ń bi ara wọn ni pé: orí rẹ̀ ló burú ni, àbí ayé ló ṣe é, àbí ó ṣẹ Ọlọ́run?

Ní Òkè Ìdànrè, ìbéèrè yìí wà lójú àpáta. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 dé ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, yóò rí ipa ẹsẹ̀ kan lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ì báà tóbi, ì báà kéré, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ibi ní oníṣẹ́, a sì lè yọ oníṣẹ́ ibi sọ́tọ̀ láàárín ẹni rere.

Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn rí nínú ọpọlọ yàtọ̀. Àwọn èròjà purotéènì kéékèèké kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní kẹ́mókáìnì. Bí àrokò ni wọ́n rí: sẹ́ẹ̀lì kan a tú u jáde, sẹ́ẹ̀lì tó bá ní ohun tí ń gbà á lára a sì gbéra lọ síbi tó ti wá. CXCL12 jẹ́ ọ̀kan. CXCR4 ni ohun tí ń gbà á. Nínú oyún, àwọn méjèèjì ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ sọ́nà dé àyè rẹ̀. Nínú àgbà, wọ́n ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tí ń bí ẹ̀jẹ̀ dúró sínú mùdùnmúdùn eegun. Èkúté tí kò bá ní wọn kì í yè.

Àrokò rere yìí kan náà ni glioblastoma, èyí tó burú jù nínú àwọn kókó tí ń hù láti inú ọpọlọ, ń lò. Bí kókó náà ṣe ń dàgbà, ọ́síjìn kì í kárí rẹ̀ mọ́, àìtó yìí a sì mú kí CXCL12 àti CXCR4 pọ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a wá máa tọ ẹ̀bá iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ, wọn a jìnnà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà lára ìdí tí oníṣẹ́ abẹ kì í fi lè kó gbogbo rẹ̀ tán. Kẹ́mókáìnì mìíràn, CCL2, a máa pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá dé, kókó a sọ wọ́n di tirẹ̀, wọn a máa ràn án lọ́wọ́ dípò kí wọ́n bá a jà. Tibi tire la dá ilé ayé. Nínú ara yìí, kò sí bí a ṣe lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ṣùgbọ́n àlàyé yìí kò sọ ìdí tó fi jẹ́ ẹni yìí, tí kì í ṣe ẹlòmíràn. Àyípadà nínú àbùdá sẹ́ẹ̀lì ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a kì í sì í rí ohun tó fà á lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn. Onígbàgbọ́ lè pe ìyókù ní àyànmọ́. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àyànmọ́ kì í ṣe ẹ̀bi. Nínú ìtàn Ifá, ẹni tó lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí, kò mọ èyí tó jiná yàtọ̀ sí èyí tó ní àbùkù. Ẹni tí kò rí àbùkù kò ṣeé dá lẹ́bi. Nínú Ìhìnrere Jòhánù orí 9 pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n bi Jésù bóyá afọ́jú kan ló dẹ́ṣẹ̀ ni tàbí àwọn òbí rẹ̀, ó ní kì í ṣe ẹnì kankan nínú wọn.

Wíwá ẹlẹ́bi kiri a máa jẹ ọjọ́ tí aláìsàn kò ní. Agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀. Bí kókó ṣe ń tóbi, ọpọlọ ló ń fún. Láti 1962 tí Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti wà nílẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán àti oògùn temozolomide kì í sábà wo glioblastoma sàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi oṣù kún ọjọ́ ayé. Ojúṣe ẹbí, nígbà náà, ni láti tètè gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n má sì yọ ọ́ sọ́tọ̀ bí olórí burúkú.