Kọ́kọ́rọ́ Àká Jósẹ́fù

Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 41:33-36, 47:13-26

Bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ nídìí ìwọ̀n kòkó ní Àgọ́ Aláyè, ní agbègbè Odígbó níbí, ẹ óò bá àríyànjiyàn kan pàdé tí kì í tán. Bàbá kan á ní kí ìjọba dá Bọ́ọ̀dù Kòkó padà, kí owó kòkó lè dúró sójú kan. Ẹlòmíì á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, pé ohun tí Bọ́ọ̀dù fi ojú àwọn bàbá wa rí kò tíì tán lọ́kàn òun. Ohùn á ròkè, ẹni tó ń wọn kòkó á sì máa wọn tiẹ̀ lọ.

Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní ìparí ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà àgbáyé, irú èyí tí ojú ò rí rí. Lọ́dún yẹn, àgbẹ̀ Gánà, tí ìjọba ṣì ń dá iye lé kòkó rẹ̀, gba owó tó kéré gan-an sí ti àgbẹ̀ wa. Inú wa dùn. Àmọ́ kí 2025 tó parí, iye náà ti já sí nǹkan bí ìdajì, kò sì sẹ́ni tó bá àgbẹ̀ Odígbó gbé nínú àdánù yẹn. Ẹni tó ti gba owó sórí èso tí kò tíì pọ́n, tàbí tó fi oko dógò, òun nìkan ló mọ bó ṣe ń sùn.

Ìtàn Jósẹ́fù la máa ń sáré dì mú nírú àsìkò yìí: ọdún méje ọ̀pọ̀, ọdún méje ìyàn. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn fẹ́ ṣe náà nìyẹn nígbà tí wọ́n dá Bọ́ọ̀dù Kòkó sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1947. Bí owó bá ga lókè òkun, Bọ́ọ̀dù á mú díẹ̀ pamọ́. Bó bá wálẹ̀, á fi gbé àgbẹ̀ ró. Gbígbà yá wọn lára ju fífúnni lọ. Nígbà tí Bọ́ọ̀dù bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, owó ìpamọ́ náà di àpò tí ìjọba ń ná. Mi ò ní bú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, owó kòkó wà nínú rẹ̀, òun ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ òbí wa ní a, b, d. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker ti ọdún 1962 rí i pé owó Bọ́ọ̀dù ti gba ọ̀nà tí kò yẹ. Nígbà tí ọjà sì dẹnu kọlẹ̀, owó àgbẹ̀ ni wọ́n gé. Ọ̀rọ̀ owó orí ló gbé àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, àmọ́ owó kòkó tó ti kéré wà nínú ìbínú náà. Ní 1986, ìjọba Babangida tú gbogbo Bọ́ọ̀dù ká.

Orí kọkànlélógójì ni ìwàásù wa sábà máa ń parí sí. Ẹ jẹ́ ká dé orí kẹtàdínláàádọ́ta. Ọkà tí Jósẹ́fù gbà lọ́wọ́ àwọn ará Éjíbítì, Bíbélì kò sọ pé wọ́n san kọ́bọ̀ lé e. Nígbà tí ìyàn mú, wọ́n tà á fún àwọn kan náà. Owó wọn kọ́kọ́ tán, ẹran ọ̀sìn tẹ̀ lé e, ó wá kan ilẹ̀ àti ara wọn. Ìdámárùn-ún irè oko ni wọ́n ń san fún Fáráò nígbẹ̀yìn. Ará Àgọ́ Aláyè kò nílò alálàyé níbí: ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dáko nínú igbó Odígbó ló ti ìlú míì wá, wọ́n mọ bí sísan án ṣe rí. Àmọ́ kéèyàn wá máa san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá ara rẹ̀ ńkọ́? Ẹ tún wo ẹsẹ kejìlélógún: wọn ò fọwọ́ kan ilẹ̀ àwọn àlùfáà, Fáráò ló ń bọ́ wọn. Bóyá ìdí nìyí tí àwa oníwàásù kì í fi í pẹ́ nínú orí yẹn.

Jósẹ́fù kò jalè. Àwọn èèyàn náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ebi kò pa àwọn kú. Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ́kísódù ló ń kọ mí lóminú: ọba míì jẹ tí kò mọ Jósẹ́fù, ó sì fi iṣẹ́ ipá kọ́ Pítómù àti Rámésésì. Ìlú ìkẹ́rùpamọ́ ni méjèèjì. Ìran Jósẹ́fù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń nà lẹ́gba nídìí àká ọba.

Ìjọba àpapọ̀ tún ti ń sọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó kòkó. Èmi fara mọ́ ìpamọ́. Àmọ́ kí n tó gbé àpò tèmi sílẹ̀, mo fẹ́ mọ ẹni tó yan onítọ̀hún tó mú kọ́kọ́rọ́, àti bóyá àgbẹ̀ lè béèrè ìṣirò ní Ọ̀rẹ̀ níbí láì dé Àbújá. Ẹ wá bi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àti ìjọ yín pẹ̀lú: ìgbà wo ni wọ́n ka ìṣirò owó sétí ìgbọ́ yín kẹ́yìn?

Àdúrà: Olúwa, ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ́jọ́ ìyàn, fi ìbẹ̀rù Rẹ sí i lọ́kàn nísinsìnyí tí oúnjẹ ṣì wà. Ẹni tó fi oko dógò, bá a rà á padà. Àmín.