ẸNI TÍ A BÁ KÀ NI A Ó WÁ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jóòbù 39:26, Lúùkù 15:1–7

Àwọn baba wa a máa wí pé àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Lónìí, àwọn ará ilẹ̀ kan tí ń wo àwòdì ni a fẹ́ fi kọ́ ara wa lẹ́kọ̀ọ́. Wọn kò wò ó nítorí òròmọdìyẹ, wọn kò sì gbé ìbọn dání. Ńṣe ni wọ́n ń kà á.

Irú àwòdì kan wà tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ọmọ inú ilé agbọ́n. Ẹlẹ́dàá fi ìyẹ́ tí ó le, tí ó sì tò bí ìpẹ́ ẹja, bò ó lójú kí agbọ́n má baà ta á. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti ń yé tí ó sì ń pamọ. Nígbà tí òtútù bá ń bọ̀ níbẹ̀, yóò fò wá sí àwọn igbó ńlá Áfíríkà, igbó gúúsù Nàìjíríà tiwa sì wà lára wọn. Nígbà tí àsìkò bá tún yí padà, yóò fi igbó sílẹ̀, yóò kọjú sí àríwá gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe nígbà tí a fi ilé baba wa sílẹ̀ wá sí Òkè Ọya yìí. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ jìnnà ju tiwa lọ, nítorí yóò la aṣálẹ̀ Sàhárà já, yóò sì tún kọjá òkun.

Òkun yìí ni ìṣòro rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń ru sókè láti orí ilẹ̀ ni ó máa ń gbé e, kò sì sí irú rẹ̀ lórí omi. Nítorí náà, ibi tí omi bá ti há ni ó máa ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a fò láti Tùnísíà sí erékùṣù Sísílì, wọn a sì kó ara wọn jọ sí Messina, níbi tí omi tí ó wà láàárín Sísílì àti ilẹ̀ Ítálì kò ju nǹkan bí kìlómítà 3 lọ ní ibi tí ó há jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ ibẹ̀. Etí omi yìí náà ni Régíọ́mù wà, níbi tí ọkọ̀ tí ó gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù ti dúró títí afẹ́fẹ́ gúúsù fi fẹ́ ní ọjọ́ kejì (Ìṣe 28:13). Àwòdì tí ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà bá ti há ni ọ̀tá ti máa ń ba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọkùnrin agbègbè náà a máa dúró pẹ̀lú ìbọn ní ìgbà ìrúwé, wọn a sì máa yìnbọn pa àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí. Ìgbàgbọ́ asán ni ó tì wọ́n: wọ́n ní ọkùnrin tí kò bá pa ọ̀kan lọ́dún, ìyàwó rẹ̀ yóò yan àlè. Òfin kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò mú wọn?

Ní ọdún 1981, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ 20 ọdún, Anna Giordano, rí ìpakúpa yìí, kò sì lè dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lórí òkè láti ka àwọn ẹyẹ tí ń kọjá. Àwọn mìíràn dara pọ̀ mọ́ ọn tinútinú láìgba owó. Bí wọ́n ti ń ka ẹyẹ ni wọ́n ń ka ìró ìbọn, wọ́n sì ń ránṣẹ́ pe àwọn agbófinró. Ní 1986, wọ́n dáná sun ọkọ̀ rẹ̀. Kò padà lẹ́yìn. Ní 1998, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Goldman tí a máa ń fún àwọn tí ń dáàbò bo ẹ̀dá. Títí di òní, ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ṣì ń dúró lórí òkè náà. Ìbọn kò tíì dákẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ti dín kù gidigidi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòdì sì ń kọjá ní àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń kà. Bí àwọn ẹyẹ bá ń pòyì nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná, wọ́n dàpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà wọ́n dáadáa. Ẹni tí ń kà yóò ní sùúrù títí wọn yóò fi ga tó, tí wọn yóò sì tò jáde lẹ́sẹẹsẹ láti fò lọ. Nígbà náà ni yóò kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì kọ irú ẹyẹ, iye rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀ sínú ìwé. Bí wákàtí kan bá kọjá tí ẹyẹ kankan kò kọjá, òdo ni yóò kọ. Kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan kún un kí ìwé rẹ̀ lè dára lójú ènìyàn.

Ẹ̀yin ará, ìkàyè méjì ni ó wà nínú Ìwé Mímọ́. Dáfídì ka Ísírẹ́lì fún oṣù 9 àti 20 ọjọ́ láti mọ bí agbára ogun rẹ̀ ti pọ̀ tó, ìyọnu sì ni ó kẹ́yìn rẹ̀ (2 Sámúẹ́lì 24). Ìdí nìyí tí àwọn baba wa náà fi ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n olùṣọ́-àgùntàn inú Lúùkù náà ka agbo rẹ̀. Bí kò bá kà á, báwo ni ì bá ti mọ̀ pé 99 ni ó kù? Dáfídì kà láti fi yangàn. Olùṣọ́-àgùntàn kà láti mọ ẹni tí ó yẹ kí òun wá lọ.

Èwo ni àwa ń ṣe? Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Arákùnrin kan wà láàárín wa, télọ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lẹ́yìn ni ó máa ń jókòó. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́rin kọjá, kò wá. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà jẹ́ ọjọ́ ìkórè wa. A ka orí ènìyàn lọ́jọ́ náà, iye wa pọ̀ ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ, a sì pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Ìyá rẹ̀ ni ó pè wá láti ilé pé òun kò gbúròó ọmọ òun. A sáré lọ. A bá a lórí ẹní, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Obìnrin Hausa kan tí wọ́n jọ ń gbé inú àgbàlá kan náà ni ó ti ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná láti ọjọ́ yìí wá. Ọlọ́run gbà á là, ó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì wá. Ìwé wa pé, agbo wa kò pé.

Nínú ìsìn, gbogbo wa dàpọ̀ bí ẹyẹ tí ń pòyì. Ẹnu ọ̀nà ni a ti ń mọ ara wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, kí olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a bá ń jáde, kí ó kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní orúkọ, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí kò rí. Kí oòrùn ọjọ́ Ajé tó wọ̀, kí ẹnì kan ti dé ilé ẹni náà. Bí kò bá sì sí ẹni tí ó wá, kí ó má ṣe tijú láti kọ òdo.

Ọlọ́run bi Jóòbù bóyá ọgbọ́n tirẹ̀ ni àwòdì fi ń fò. Rárá o. Ọlọ́run ni ó ń tọ́ àwọn arìnrìn-àjò sọ́nà. Iṣẹ́ tiwa ni láti dúró sí ibi tí ọ̀nà ti há, kí a sì máa kà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣubú láìjẹ́ pé arákùnrin rẹ̀ mọ̀.

Olúwa, ìwọ tí o mọ iye irun orí wa, kọ́ wa láti mọ orúkọ ara wa ní ilẹ̀ àjèjì yìí, títí gbogbo wa yóò fi délé. Àmín.