Ta Ni Ó Mọ Ìgbà?

Ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin arábìnrin mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Bí ọmọ bá mọ ohun tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀, tí ìyá náà sì fẹ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé, ṣé kí ọmọ dákẹ́ ni ọ̀wọ̀, tàbí kí ó sọ̀rọ̀?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, mo lọ bá ọmọ mi tọ́jú ọmọ tuntun ní Leeds, ní ìhà àríwá England. Ó ti gbin ẹfinrin sínú ìkòkò kéékèèké ní etí fèrèsé ilé ìdáná láti oṣù kẹta. Mo wo ìta, oòrùn ń ràn, mint aládùúgbò sì ti ń rú lẹ́bàá ògiri. Mo ní kí ló dé tí ẹfinrin fi wà ní àtìmọ́lé? Ní Bódìjà, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ̀yìnkùlé mi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi ní, "Màámi, ó di ìparí oṣù karùn-ún, kí òtútù òru tó lọ tán." Mo dá a lóhùn pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó ní, "Ó dáa, mà." Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Mo kó wọn jáde, mo gbìn wọ́n sílẹ̀, ó ku ìkòkò méjì tí kò tíì dàgbà tó.

Kí oṣù náà tó parí, ìrì dídì sẹ̀ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹfinrin mi ti dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Òtútù ọjọ́ wọ̀nyẹn náà ló ba oko àjàrà jẹ́ ní England àti ní France. Ṣùgbọ́n àjàrà kò ṣe é gbé wọlé. Ẹfinrin ṣe é gbé.

Ẹbí kan náà ni mint àti ẹfinrin. Gbòǹgbò mint a máa sùn nínú ilẹ̀ tútù, a sì tún jí. Ọmọ ilẹ̀ gbígbóná ni ẹfinrin. Bí omi inú ewé rẹ̀ bá ti dì, ó parí. Oòrùn ọ̀sán tí mo rí kì í ṣe ẹlẹ́rìí, òru ni ó yẹ kí n bi léèrè. Ọyẹ́ tiwa, bó ti wù kó mú tó, kì í sọ omi inú garawa di yìnyín.

Ohun tí ó dùn mí jù kì í ṣe ewé, ìdákẹ́jẹ́ ọmọ mi ni. Ọdún 33 ni mo fi ṣe tíṣà. Mo rántí ọmọ kan tí ó nawọ́ sókè nígbà tí mo ṣi ìṣirò kọ sára pátákó. Mo ní kí ó jókòó. Láti ọjọ́ náà ẹnikẹ́ni kò nawọ́ mọ́, mo sì ń yangàn pé kíláàsì mi ní ìtẹríba. Ẹ̀rù ni, kì í ṣe ọ̀wọ̀. A máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà ló sábà ń pa òwe yẹn, nígbà tó bá sì wù ú ni.

Ẹlòmíràn yóò ní, ṣé kí ọmọ wá máa gbó àgbà lẹ́nu ni? Rárá o. Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi láti máa já orí ẹfinrin kí ó lè pẹ̀ka, kí ó má tètè yọ òdòdó. Ọwọ́ mi mọ ewéko, ìgbà ibẹ̀ ni kò mọ̀. Àkísà tí mo fi ń yangàn, Ìbàdàn ni mo ti lò ó gbó; kò bo ènìyàn nínú òtútù Leeds.

Ọmọ mi kò sọ pé, "Ṣé mo sọ fún yín?" Nígbà tí oṣù karùn-ún ń parí lọ, ó ń gbé ìkòkò méjì yẹn síta lọ́sàn-án, ó ń gbé wọn wọlé lálẹ́, kí ara wọn lè mọ́ ìta. Mo bi í pé ṣé ó ti tó àkókò. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Jímọ̀, Màámi."

Mo dúró di ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí yóò fi di àárín oṣù kẹfà, tí ojúmọ́ ibẹ̀ gùn tó wákàtí 17, a ti ń já ewé rẹ̀ sínú ọbẹ̀.