Ta Ni Ó Lè Pe Ẹrù Ẹlẹ́rù Ní Pàǹtí?

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, tí koríko gbẹ, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, iṣẹ́ oko a dẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn a sì yá láti rìn. Ní Ìsẹ́yìn àti ní Ṣakí, ìgbà yìí ni àgbà máa ń na ẹsẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò gba abẹ́ igi òrí àti igi irúgbá kọjá, tí yóò dúró kí ẹni yìí, tí yóò jókòó díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tọ̀hún. Ìgbà yìí kan náà ni àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Èkó máa ń wálé ọdún, tí wọn a mú ìgbálẹ̀, tí wọn a ní àwọn fẹ́ tún ilé bàbá àwọn ṣe. Ibẹ̀ ni ìjà ti í bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi ojú inú wo irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn, ilé ahunṣọ tí ó ti dàgbà. Lórí àjà ni apasà tí ó ti sán wà, àti ọkọ̀ òfì méjì, àti garawa tí ìdí rẹ̀ ti jò, àti àtùpà tí kò ní gíláàsì mọ́, àti rédíò kan tí ó ti yadi láti ọdún gbọọrọ. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn ni àpótí páànù kan wà tí ìwé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: ìwé owó orí, lẹ́tà, orúkọ àwọn tí ń dá èsúsú nígbà kan àti iye tí oníkálukú dá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí í ṣe olùkọ́, wo gbogbo rẹ̀, ó ní, "Bàbá, pàǹtí nìyí. Ẹ jẹ́ kí n dáná sun ún." Bàbá dáhùn pé, "Ẹrù mi ni." Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò, orúkọ tí wọ́n pè é ni kò dọ́gba.

Kò yẹ kí a yára dá ọmọ náà lẹ́bi. Ẹni tí ó bá mọ bí àkekèé ti ń sá pamọ́ sínú àkísà, bí eku ti ń bímọ sínú ìwé, àti bí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń jó, yóò mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó mú un sọ̀rọ̀. Alààyè ni ó ń gbé inú ilé. Bí ẹrù ọdún tí ó ti kọjá bá gba gbogbo àyè, níbo ni ọmọ-ọmọ yóò tẹ́ ẹní sí? Kì í sì í ṣe gbogbo ìpamọ́ ni ọgbọ́n. Ahun a máa pa nǹkan mọ́. Ìbẹ̀rù a máa mú ni pa nǹkan mọ́. Ìmẹ́lẹ́ pàápàá a máa da aṣọ ìpamọ́ bora.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Gbogbo ìgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ìrírí ni òwe yìí ń sọ, wọ́n sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n tún un wò. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ àkísà ni a kà, tí a kò ka ẹ̀wù tí a fi ń ṣọdún? Ìdí ni pé aṣọ ṣeé rà ní ọjọ́ kan. Olówó lè ti ọjà dé pẹ̀lú sányán, àlàárì àti ẹtù. Àkísà kò ṣeé rà. Ọjọ́ orí ni ó ń sọ aṣọ di àkísà. Síbẹ̀ náà, òwe yìí kò sọ pé gbogbo àkísà ni ó níye lórí. Èyí tí àgbà lè mú lọ́wọ́ kí ó wí pé, "Ẹtù tí mo wọ̀ ní ọjọ́ báyìí nìyí, lágbájá ni ó hun ún," ìtàn ni. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́, aṣọ ìnulẹ̀ ni.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọ̀yọ́, parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá, ìwé tí àwọn ará Òkè-Ògùn ti lè kà nípa ìgbà tí àwọn Aláàfin fi Ìgbòho ṣe olú-ìlú. Ó fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú òyìnbó. Wọ́n gbé e sọnù sí ibẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfi ojú kan ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tí í ṣe dókítà, ni ó padà sídìí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀: àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́, àti àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ kí ó tó tún wọn dà kọ. Láti inú ìwọ̀nyí ni ó ti tún gbogbo rẹ̀ tò. Nígbà tí wọ́n tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ ogun Jámánì mú ọkọ̀ òkun tí ó gbé e, ó di Amẹ́ríkà. 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ẹni tí ó bá gbá àwọn ìwé wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn dànù ní ọjọ́ kejì tí a kọ́kọ́ fi ojúlówó ránṣẹ́, ta ni ìbá bá a wí? Iṣẹ́ wọn ti parí lójú gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ àpẹẹrẹ kan di òfin. Àpótí tí ikán jẹ tí ẹnikẹ́ni kò pàdánù ohunkóhun, wọ́n pọ̀ lọ súà. Ohun kan sì wà tí àwọn tí ń sọ ìtàn Johnson kì í fiyè sí: Obadiah mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà tí èrò rẹ̀ ń gbà. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìwé wọ̀nyẹn bọ́ sí, alákàrà ni ìbá fi wọ́n pọ́n àkàrà. Ìpamọ́ láìsí òǹkàwé, ikán ni ó ń bọ́.

Bóyá èyí ni ó mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Ìbàdàn kó ara wọn jọ ní nǹkan bí 1914 ní Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán, kí ìtàn má baà parẹ́. Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san, ọ̀kan nínú wọn, kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbèsè àti aáwọ̀ kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn ni ìwé náà wà, àwọn onímọ̀ sì ń kà á. Àǹfààní kan náà ni ó wà níbi tí olùkọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà bá ti jókòó ka ìwé kan náà pọ̀ ní alẹ́ Sátidé. Ẹnì kan yóò ka "apasà" kọjá bí ẹni tí kò rí i, ẹnì kejì yóò ní, "Ẹ dúró ná, irú rẹ̀ wà lórí àjà bàbá mi."

Nítorí náà, ẹ̀bi ọmọ ilé Ìsẹ́yìn yẹn kì í ṣe pé ó fẹ́ dáná sun ìwé. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó sọ ẹrù lórúkọ kí ó tó béèrè. Ẹni tí ó dúró lé àgbà lórí pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kò béèrè ohunkóhun. Ó ti dájọ́ ná. Kí ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, kí ó bá bàbá rẹ̀ na ẹsẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bíi mélòó kan, nítorí ohun tí àgbà kò ní sọ nínú ilé, ẹsẹ̀ a máa tú u sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó lè gbọ́ níbẹ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé èsúsú kú kí ó tó kó tirẹ̀, pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀, pé owó náà ṣì wà lọ́rùn bàbá, àti pé ojú ń tì í láti sọ ọ́ jáde. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ṣi orúkọ pè. Ìwé náà kì í ṣe pàǹtí, kì í sì í ṣe ẹrù bàbá. Ẹrù ọmọ aláìníbaba kan ni, tí ọmọ olùkọ́ ìbá ti fi iná sun ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí bàbá fúnra rẹ̀ gbé garawa àti rédíò lọ sí ààtàn láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, kí ọmọ sì mú ìwé èsúsú náà lọ́wọ́, kí ó máa béèrè ilé àwọn ọmọ olóògbé náà kiri àdúgbò.