Àwọn Tí Ó Gbé Ọwọ́ Mósè Ró



Kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò mọ ìtàn ogun tí Ísírẹ́lì bá Ámálékì jà ní Réfídímù, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Ìwé Ẹ́kísódù, orí kẹtàdínlógún. Ẹ̀yin olùkọ́ ti fi í kọ́ àwọn ọmọdé lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń kọ́ni, ọ̀pá Mósè àti idà Jóṣúà ni a máa ń tẹnu mọ́, a sì máa ń yára kọjá ibi tí a gbé sọ pé ọwọ́ ro Mósè. Ẹni tí Ọlọ́run rán ni, síbẹ̀ agara dá a. Áárónì àti Húrì kò bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Òkúta ni wọ́n lọ wá, wọ́n gbé e sí abẹ́ rẹ̀ kí ó lè jókòó, ọ̀kan sì dúró lọ́tùn-ún, èkejì lósì, wọ́n ń ti apá rẹ̀ lẹ́yìn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìdí tí a fi mú ìtàn yìí wá nínú oṣù yìí ni pé àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wà nínú ilé àwọn kan nínú wa, àwọn tí ó sì ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe láàárín ọjọ́ tí wọ́n rí dókítà àti ọjọ́ tí wọn yóò tún rí i. Iṣẹ́ Áárónì àti Húrì ni iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ òkúta ìjókòó àti ìtìlẹ́yìn apá ni, kò sì kéré.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àìmọ̀ tiwa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a lọ bẹ ọmọ ìjọ kan wò, aránṣọ ni, ẹni tí àrùn yìí ń bá jà. A ju ènìyàn méjìlá lọ nínú yàrá kékeré kan. Òjò ṣú, ẹnìkan nínú wa sì ti fèrèsé kí òtútù má baà mú aláìsàn. A kọ orin, a gbàdúrà, àdúrà wa sì gùn. Bí a ti ń gbàdúrà ni ọkùnrin náà ń gbé ọwọ́ sókè tí ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, a sì rò pé ó ń ṣe Àmín pẹ̀lú wa. Ìgbà tí a parí ni aya rẹ̀ kúnlẹ̀ tí ó wí pé, “Ẹ má bínú, Bàbá, afẹ́fẹ́ ni ó ń tọrọ.” Ó dìde, ó ṣí fèrèsé. Ojú tì wá gidigidi.

Lẹ́yìn èyí ni a wá kíyè sí bí obìnrin náà ti gbé ọkọ rẹ̀ jókòó. Ó gbé àga sí iwájú ẹ̀rọ ìránṣọ tí ọkọ kò lè lò mọ́, ó to ìrọ̀rí méjì lé orí ẹ̀rọ náà, ọkùnrin náà sì tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fi apá méjèèjì lé orí ìrọ̀rí, èjìká rẹ̀ sì rọ̀. Báyìí ni ó ṣe ń lo ọ̀pọ̀ òru. Obìnrin yìí kò ka ìwé ìṣègùn kankan, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe gan-an ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ́ni: pé nígbà tí ara bá tẹ̀ síwájú tí apá sì rí ibi sinmi lé, àwọn iṣan èjìká àti ti àyà a máa rí àyè ṣe ìrànlọ́wọ́ fún èémí. Áárónì àti Húrì ti ṣe é rí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtùnú lásán ni a ń sọ. Ní ọdún 1999, ìwé ìròyìn British Medical Journal tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn aláìsàn 119 tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan nínú wọn gba ìtọ́jú bí a ti máa ń ṣe é. Àwọn ìyókù sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ wọn bí a ti ń darí èémí, bí a ti ń fa iṣẹ́ ṣe díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń mú ara rọlẹ̀, tí wọ́n sì ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, ara rọ àwọn tí nọ́ọ̀sì kọ́ ju àwọn yòókù lọ, èémí wọn dára sí i, ìrẹ̀wẹ̀sì wọn sì dín kù.

Àwọn àgbà a máa wí pé abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ọ̀ràn, bí ooru bá sì mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́. A kò mọ̀ pé òwe náà yóò wúlò tó báyìí. Ní Cambridge, a dán an wò lára àwọn ènìyàn 50 tí èémí ń ni lára nítorí oríṣìíríṣìí àrùn, a sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2010: a fi fáànù kékeré tí a ń mú lọ́wọ́ fẹ́ ojú wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a sì fi fẹ́ ẹsẹ̀ wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ti ojú ni ó mú ìtura wá jù. Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i. Ó jọ pé awọ ojú ni ó gbọ́ atẹ́gùn náà, tí ó sì sọ fún ọpọlọ pé afẹ́fẹ́ wà. Nítorí náà, abẹ̀bẹ̀ awọ tàbí ti imọ̀ ọ̀pẹ kò yẹ kí ó jìnnà sí ibùsùn irú aláìsàn yìí. Fáànù kékeré ni kí a mú sún mọ́ ojú tó nǹkan bí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, kí atẹ́gùn rẹ̀ máa kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú àti ètè òkè.

Ẹ kọ́ aláìsàn náà pẹ̀lú, nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kì í ṣe nígbà tí èémí ti há, pé kí ó fa afẹ́fẹ́ sí imú jẹ́jẹ́, kí ó sì fẹ́ ẹ jáde díẹ̀díẹ̀ láti àárín ètè tí ó sún pọ̀, bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Kí fífẹ́ jáde pẹ́ ju fífà sínú lọ. Bí ó bá fẹ́ dìde, àsìkò tí ó bá ń fẹ́ jáde ni kí ó dìde. Kí ó jókòó lórí àpótí láti wẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá gbà á, kí ó máa rìn díẹ̀ nínú àgbàlá, nítorí ìdùbúlẹ̀ àìdìde a máa sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára, ẹsẹ̀ aláìlágbára a sì tètè mú èémí há. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà púpọ̀ sàn ju àwo ńlá kan lọ. Ẹ má fi ipá bọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kí omijé yín di ọbẹ̀ rẹ̀. Èéfín igi ìdáná, èéfín sìgá àti oògùn ẹ̀fọn tí a ń sun kò gbọdọ̀ wọ yàrá rẹ̀, nítorí ikọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí ó le jù ni ìbẹ̀rù, pàápàá ní òru. Ìbẹ̀rù a máa mú kí èémí yára, èémí tí ó yára a sì tún máa bí ìbẹ̀rù. Bí olùtọ́jú bá pariwo, tàbí tí ó bá ń sáré káàkiri yàrá, ó ń dá epo sí iná. Kí ó jókòó ní ibi tí aláìsàn ti lè rí ojú rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ máa mí jẹ́jẹ́ kí aláìsàn lè tẹ̀ lé e. Kí ẹ jọ pinnu ní ọ̀sán ohun tí ẹ ó ṣe bí èémí bá há ní òru: àga níbí, ìrọ̀rí lọ́hùn-ún, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, fèrèsé ní ṣíṣí. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà nígbà náà, kí ó kúrú, kí ohùn sì rẹlẹ̀. Olúwa wa gbọ́ ti olè lórí àgbélébùú, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ọkùnrin yẹn sì rí sọ.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa oògùn tì. Ohun tí a kọ yìí wà fún ìrànlọ́wọ́ oògùn, kò rọ́pò rẹ̀. Bí ìrora bá le, àwọn dókítà ní ohun tí wọ́n lè fún un, kíkọ̀ ọ́ kì í sì í ṣe ìgbàgbọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bá ń bá ikọ́ jáde, bí èémí bá há lójijì ju ti àtẹ̀yìnwá, bí ojú àti ọrùn bá ń wú, tàbí bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé rọ, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ láìjáfara. Kí a sì kó ahọ́n wa níjàánu: àrùn yìí kì í ràn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe yà á láwo; èéfín sìgá ni olórí ohun tí ń fà á, ṣùgbọ́n ó ń mú àwọn tí kò fi sìgá kan ẹnu rí. Ẹni tí ó tilẹ̀ mu sìgá kò pè wá ní onídàájọ́.

Ó ku ti Húrì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìwé Mímọ́ mọ̀ pé ìwọ̀nba ni ohun tí a kọ nípa rẹ̀, síbẹ̀ bí kò bá sí i, apá kan ṣoṣo ni ìbá wà lókè. Cicely Saunders, ọmọ Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, tí ó sì ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967, kọ́ni pé ìrora ẹni tí ń kú lọ kì í ṣe ti ara nìkan, àti pé ìdílé rẹ̀ pẹ̀lú wà lára àwọn tí a ní láti tọ́jú. Nínú ìjọ wa, Áárónì nìkan ni a máa ń fi sílẹ̀. Aya aránṣọ náà ti lo ju oṣù méjì lọ láì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ní òru kan dáadáa, gbogbo wa tí a ń kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì pé “Ẹ kú ìtọ́jú” kò sì bi í léèrè ìgbà tí ó sùn gbẹ̀yìn.

Nígbà tí ó sọ fún wa, àwọn ẹgbẹ́ ìyá pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ìyá méjì á wá ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, méjì mìíràn ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì; aya aránṣọ fi ìrọ̀rí àti abẹ̀bẹ̀ hàn wọ́n, ó kọ́ wọn bí a ti ń dúró ti ọkùnrin náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí Olúwa fi pè é, nínú àga rẹ̀, pẹ̀lú apá lórí ìrọ̀rí. Ní ọ̀sán àkọ́kọ́ tí àwọn méjì náà dé, obìnrin yìí wọ yàrá kejì lọ ní ago kan, kò sì jí títí agogo ìsìn àṣálẹ́ fi dún.